Ọ̀gá Mi Àtijọ́ Ni Oníbàárà Mi Àkọ́kọ́

Ìyáàfin Adétóún Ṣódípẹ̀ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì ní torí pé ó ti darúgbó kí n fi orúkọ náà pamọ́. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé girama kan ní Sùúrùlérè níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ìdámọ̀ràn ni mo kà ní yunifásítì, wọ́n sì fún mi ní yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n kọ "Olùdámọ̀ràn" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń mutí, àwọn tó ń sá ní kíláàsì, àwọn tó ń sunkún láìnídìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rán wọn sí. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ilé ìwé, ẹni tó fẹ́ràn òfófó ju oúnjẹ lọ, pè mí sẹ́yìn ilé, ó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà kan hàn mí. Ìyáàfin Ṣódípẹ̀ ti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé, "Ìyáàfin Olúgbémi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ẹ jẹ́ kó padà sí kíláàsì."

Mo padà sí kíláàsì. Mo kọ́ àwọn ọmọ nípa ọ̀pọ̀lọ́ àti ewé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ yàrá mi di ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti àwọ̀n sí. Olùkọ́ eré ìdárayá tó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà," ó ní, "àwọn bọ́ọ̀lù yìí náà fẹ́ gba ìmọ̀ràn ni." Gbogbo yàrá àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín jù, mo sì mọ ẹni tó díbọ́n pé ìwé ni òun ń kà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo gbé ìbínú yẹn délé, ẹnì kan wà nílé mi tó nílò olùdámọ̀ràn. Délé, àbúrò mi, ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Múṣin. Ọtí ti di bárakú fún un. Mo wàásù fún un láàárọ̀, mo wàásù fún un nírọ̀lẹ́, mo fi Bíbélì kún un, mo fi èébú lé e. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Àǹtí mi, mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun, mà." Lẹ́yìn náà á jáde lọ síbi tó ń lọ. Kò pé àádọ́ta ọdún tó fi kú. Bí àwọn ènìyàn bá ń bi mí pé kí ló kan ìyá arúgbó nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo oògùn, ìdáhùn méjì ni mo ní. Délé ni ọ̀kan. Ìyáàfin Ṣódípẹ̀ ni èkejì. Èmi fúnra mi ò mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì.

Orí wọ́tsáàpù àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti rí ìkéde náà, láàárín àdúrà òwúrọ̀ àti àwòrán ewé tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ń kọ́ ènìyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí a ṣe ń ran àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá parí ti orí fóònù yóò bá oníbàárà kan jókòó lẹ́ẹ̀mejìlá, olùkọ́ yóò máa gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kí wọ́n tó fún un ní sátífíkéètì. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Mo forúkọ sílẹ̀ kí ọkàn mi má baà yí padà.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ orí fóònù rọrùn, ẹ bá mi bi í bóyá àdúgbò wa ló ń gbé. Bí iná bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, ará ilé kejì á tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé mi. Mo ṣe páswọ́ọ̀dù, wọ́n ní kò lágbára tó. Mo ṣe èyí tó lágbára, mo gbàgbé rẹ̀. Mo ra awò ojú tuntun ní ọjà Tejúoṣó torí pé lẹ́tà orí fóònù kéré bí ẹyin iná orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì tí ẹnì kankan ò gbọ́.

"Mummy, ẹ ti pa ohùn yín o," olùkọ́ wí. "À ń rí ẹnu yín, mà, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo dáhùn pé mo ń sọ̀rọ̀. Wọn ò gbọ́ ìyẹn náà.

Tómilọ́lá ni orúkọ olùkọ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Ìbàdàn. Àbíkẹ́yìn mi gan-an fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Gbogbo kíláàsì ń pè é ní Àǹtí Tómi. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, torí mo ti ṣe olùkọ́ rí, mo sì mọ ohun tí ipò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi máa ń korò bí mo bá pè é tán.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni pé olùdámọ̀ràn kì í dámọ̀ràn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ.

"Àǹtí Tómi, kí wá ni iṣẹ́ wa?"

"Kí á gbọ́ ni, Mummy. Kí á bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ṣe é fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá dáhùn. Kí á dá ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn sọ."

"Bí mo bá mọ ohun tó yẹ kí ẹni náà ṣe ńkọ́?"

"Òun náà mọ̀ ọ́n, mà."

Ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú orí fọ́ mi. Wọ́n kọ́ wa pé ìfàsẹ́yìn ni kí ẹni tó ti fi oògùn sílẹ̀ tún padà sídìí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá fà sẹ́yìn ti dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí. Àǹtí Tómi ní ara ìwòsàn ni, kó má yà wá lẹ́nu. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fi ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí mo tètè gbà ni ọ̀rọ̀ iye. Oògùn tó bá ti mọ́ ènìyàn lára, kò ṣe é já lójijì. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, ìgbà mìíràn gìrì á mú ẹlòmíràn. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, iye tí ẹni náà ń lò gan-an ni yóò sì fi ṣe ìṣirò. Bí iye náà bá jẹ́ irọ́, irọ́ ni ìṣirò dókítà, ewu sì ni fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Nítorí náà, bí a bá bọ́ gbogbo aṣọ àwọ̀sókè kúrò lára iṣẹ́ yìí, ohun tó kù ni pé kí ẹni tó jókòó níwájú rẹ lè pe iye náà fún ọ bó ṣe rí.

Dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn kékeré ní Ìpọ̀nrí fún mi ní yàrá ẹ̀yìn kan láti fi ṣe ìdánwò iṣẹ́ náà. Ó ní òun ti rí oníbàárà fún mi, ìyá àgbàlagbà kan tí ọmọ rẹ̀ ń mú bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn wọlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin di apá rẹ̀ mú. Kí n tó rí ojú rẹ̀ ni mo ti mọ ìdúró yẹn. Ìdúró yẹn máa ń mú gbogbo ilé ìwé dákẹ́ lórí ìlà láàárọ̀.

"Dérera," ó ní, ó fi orúkọ àbísọ mi pè mí. "Ìwọ kọ́ nìyí?"

Ìyáàfin Ṣódípẹ̀ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lójú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń pè é. Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, mo ti dàgbà tó láti pè é ní òun.

Bísí, ọmọ rẹ̀, ló sọ bó ṣe rí. Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà kan kọ trámádò, oògùn ìrora, fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì náà sì ti di ọdún mẹ́rin, kẹ́míìsì kan tẹ̀lé kẹ́míìsì kan. Ó ń sùn lórí oúnjẹ. Ó ti ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu kan oògùn, á ní orúnkún ta ni.

Ó yẹ kí n sọ fún Àǹtí Tómi lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú fọ́ọ̀mù tí mo kún, ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé ẹ ti mọ oníbàárà yìí tẹ́lẹ̀? Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹni tí o bá mọ̀, pàápàá ẹni tí ìjà wà láàárín yín, kí o gbé e fún ẹlòmíràn. Mo mọ òfin náà, mo sì kọ Rárá síbẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ kejì fún ẹ̀yin tó ń kà á: mo fẹ́ rí obìnrin yẹn kó jókòó níwájú mi, kí n máa bi í ní ìbéèrè.

Bí mo ṣe gbèrò tó, nígbà tó dúró níwájú mi, orúnkún mi wólẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo kí i. Mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí i kú ìrìn, mo kí i kú ara tí kò le. Mo béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ọmọ ọmọ. Òun náà béèrè tèmi. Fóònù mi wà lórí tábìlì, ó ń gba ohùn wa sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, nítorí Àǹtí Tómi gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì.

"Mummy, ẹ kí wọn fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún."

"Ọ̀gá mi ni wọ́n. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni?"

"Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ ní ẹ ò mọ̀ wọ́n."

Mo yọ awò ojú mi, mo ń nù ún.

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, mà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa dákẹ́ nìyí," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí ju ti fọ́ọ̀mù lọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ìyá yìí fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní oorun ò kun àwọn, ẹ ní Olúwa á fún yín ní oorun àsùnjí. Wọ́n ní Àmín. Wọ́n ní àwọn ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹ ní ibi á fò yín dá. Wọ́n ní Àmín. Lẹ́yìn Àmín, Mummy, kí ló kù tí ènìyàn tún fẹ́ sọ?"

Mo bínú. Mo ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ló ń gbọ́ ìṣòro àgbà láìwúre fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbọ́ ohùn náà fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òótọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ yọjú, àdúrà ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo wá rántí pé Délé ti wí fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ẹ̀rù ń ba òun bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo ní Ọlọ́run á gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù. Ó ní Àmín, Àǹtí mi. Kò sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ìyá náà fún Ṣẹ́yẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, ẹni tí ìwà rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti tán nìyẹn, pé obìnrin kan náà ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni Àǹtí Tómi tún pè.

"Wọn ò bá Ṣẹ́yẹ sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọ́n ní ó ń pe àwọn ní Grandma, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun jó. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, 'Ẹ bá mi dá Dérera padà. Kò fẹ́ràn mi, kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ràn mi.'"

Ó gbà kí n padà, pẹ̀lú àdéhùn pé lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, màá pe òun, màá sì sọ bí inú ṣe bí mi tó. Ẹ wo ìyà. Ọmọ àná ló ń gba ìbínú mi sílẹ̀ bí ẹni ń gba ìsọfúnni ojú ọjọ́.

Nítorí orúnkún rẹ̀, ilé rẹ̀ ní Sùúrùlérè ni a wá ń jókòó sí. Àwòrán ọjọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn ilé ìwé kún ara ògiri, èmi ò sì sí nínú ọ̀kankan. Mo gbìyànjú láti dá ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Orúnkún yìí kò jẹ́ kí n sùn," ó ní.

"Ẹ ń sọ pé orúnkún ò jẹ́ kí ẹ sùn."

"Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nìyẹn. Ṣé etí ń dun ìwọ náà ni?"

"Àǹtí Tómi ló ní kí n máa sọ ọ́ padà, mà."

"Kí Àǹtí Tómi wá jókòó síbí kó wá gbọ́ ara rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni màá wá béèrè iye. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ. A lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá béèrè é lẹ́ẹ̀kejì, a ti pè é ní òpùrọ́.

"Ẹyọ mélòó lẹ lò lánàá, mà?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan ṣoṣo?"

"O bi mí, mo dá ọ lóhùn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi wà lórí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń kú lọ bí iná àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìjókòó karùn-ún, ó ní kí n bá òun mú ìwé orin jáde nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì òun. Mo fa ìwé náà yọ, sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ òfìfo.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tí o bá rí lọ́dọ̀ oníbàárà, àárín ìwọ àti òun ló gbọ́dọ̀ wà. Mo mọ òfin yẹn náà. Mo kó sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé wọn sókè, mo sì kígbe sí ilé ìdáná. "Bísí, wá wo ẹyọ kan tí màmá ẹ ń lò."

Bísí jáde wá, ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ìyáàfin Ṣódípẹ̀ mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi gbé fóònù mi.

"Báwo ló ṣe rí lára yín, Mummy?" Àǹtí Tómi béèrè.

"Ó dùn mọ́ mi."

"Títí di ìgbà wo?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìbéèrè yẹn kò kàn án. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo máa ń kó ìgò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Délé, màá tò wọ́n sórí ògiri àgbàlá kí àwọn ará àdúgbò lè rí wọn bí wọ́n bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ìtìjú ni yóò mú un jáwọ́. Ìtìjú kò mú un jáwọ́. Níbòmíràn ló wá ń mu ún, àwọn ẹlòmíràn ló sì bá a níbi tó ṣubú sí. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Àǹtí Tómi kò wúre, kò sì bá mi kẹ́dùn. Ó dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, dátà mi sì ń jó lọ.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é ni, ǹ bá kó àgbààgbà méjì lẹ́yìn kí wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn túmọ̀ sí kí n tún fi àṣírí rẹ̀ han ẹni méjì sí i. Mo dá lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n wà níbẹ̀ pẹ́ dáadáa, ó ń wo fèrèsé.

"Dìde," ó ní nígbà tó yá. "Orúnkún ìwọ náà ti darúgbó. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, ta ni yóò wá máa yọ mí lẹ́nu?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti gbé ẹnu mi jókòó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó sú mi. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: kí ọ̀rọ̀ tó tọ́ wà lẹ́nu yín, kí ẹ gbé e mì. Ní ìjókòó kẹjọ, a dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Kì í ṣe orúnkún mọ́, Dérera. Ọ̀sán ni. Láàárọ̀ mo ṣì ń múra bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Tó bá ti di aago méjìlá, mo mọ̀ pé kò sí ibi tí mò ń lọ. Bí mo bá lò ó, ọ̀sán á kọjá láì jẹ́ pé mo rí i." Àdúrà wá sí mi lẹ́nu. Mo di eyín mọ́ ọn. Ó tún sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí i, nípa ọkọ rẹ̀ tó kú, nípa ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí mọ́, nípa bí ó ṣe ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ láti fi wá oorun.

Bísí ló wá ń kó oògùn pamọ́ báyìí, òun ló sì ń fún un. Dókítà ń dín in kù. Mo ń béèrè iye ní gbogbo ìjókòó, ó ń dá mi lóhùn: ẹyọ mẹ́ta, ẹyọ méjì, lẹ́yìn náà ààbọ̀ láàárọ̀ àti ààbọ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí a fi dé ìjókòó kejìlá, ààbọ̀ péré ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀. Dókítà gbóríyìn fún mi. Àǹtí Tómi ní, "Mummy, ẹ ṣe é o," mo sì tijú pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré.

Sátífíkéètì náà gba orí ímeèlì dé. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yábàá, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Mo dúró sídìí ẹ̀rọ náà, mo ń ka orúkọ ara mi lórí bébà tó ṣì gbóná. Ìjókòó ti tán, kò sì sí ohun tó tún yẹ kó gbé mi lọ sí Sùúrùlérè. Mo lọ. Mo wọ aṣọ àrán mi tó dára jù, mo sì ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀ láti ilé: nípa lẹ́tà tó kọ, nípa yàrá tí wọ́n kó bọ́ọ̀lù sí, nípa iye ọdún tó gbà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣe ìdánrawò rẹ̀ níwájú dígí. Ọ̀rọ̀ náà dára.

Òun nìkan ló wà nílé. Bísí ti lọ síbi iṣẹ́. Ó gba sátífíkéètì náà lọ́wọ́ mi, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀ bó ṣe máa ń ka èsì ìdánwò àwọn ọmọ, ó tilẹ̀ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó wá gbé e sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ lé e. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí lójú, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀rá náà. Mo pa ẹnu mi dé.

"Mẹ́rin ni mo lò lánàá," ó ní. "Ọmọ kẹ́míìsì ló ń bá mi mú un wá bí Bísí bá ti jáde. Ààbọ̀ ni mo pè é fún Bísí, ààbọ̀ ni mo pè é fún dókítà, ààbọ̀ náà ni mo pè é fún ìwọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Jókòó, Dérera."